Ojú Àyálò

Òjò òru àná kò tó nǹkan, ewé lásán ló fi tutù,
ṣùgbọ́n Erédò kì í gbẹ. Ògiri rẹ̀ méjèèjì ń làágùn
bí ẹni tí wọ́n pè ní kóòtù.
"Bàtà yẹn ò ní gbà fún yín o," ni Kọ̀yà wí,
ọmọ Òkè-Ẹ̀rì tó ń mú mi lọ, òun tó wọ sálúbàtà.
Mo ní kó máa lọ níwájú.

Kámẹ́rà ló kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀. Èmi tẹ̀ lé e.
Nígbà tí mo gbé e, ojú rẹ̀ ń dún ṣekeṣeke
bí èkùrọ́ nínú agolo.
Kọ̀yà kò rẹ́rìn-ín. Bàtà mi ló ń wò.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó ń ta fóònù ní ṣájà nìkan lòun ní.
Ẹni tó ń ya páásípọ́ọ̀tù fi fóònù tó fi ń yà á hàn mí.
Ti Ìkẹjà, ẹ jẹ́ á fi sílẹ̀: iye tí wọ́n pè é lórí ago
ju owó iṣẹ́ tí mo wá ṣe lọ.
Arúgbó kan tó ń tún rédíò ṣe ló ní,
"Ìmẹ̀pẹ̀. Bi wọ́n ní ilé Fọ́tò Òdùbẹ̀là."

Òdùbẹ̀là ti kú. Ọmọ rẹ̀, Ṣẹkináà, ló wà lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé.
Ó wọlé, ó pẹ́. Ó jáde pẹ̀lú agolo bisikíìtì;
nínú agolo, síńgílẹ́ẹ̀tì; nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ojú kan,
ojú onírin tó wúwo bí ọmọ ọlọ,
ewú ti hù nínú dígí rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.
"Èló?"
"A kì í ta ojú bàbá ẹni."
"Ẹ yá mi, kó di ọjọ́ Àìkú."
Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì dúró síbi ẹsẹ̀.
"Bọ́ bàtà yẹn sílẹ̀."

Báyìí ni mo ṣe padà sí Erédò nínú sálúbàtà olóògbé,
ojú olóògbé lọ́rùn mi.
Ó wọ kámẹ́rà mi bíi fìlà ẹlòmíràn: ó wọ̀, kò jókòó;
ọwọ́ ni mo fi ń yí i, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń wá rédíò ìlú òkèèrè lóru.
N kò ṣubú. Kọ̀yà wo ẹsẹ̀ mi, ó súfèé.
Ṣùgbọ́n gbogbo àwòrán ló jáde pẹ̀lú kùrukùru
tí kò sí nínú kòtò yẹn rárá,
igi dúró bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jí,
Kọ̀yà fúnra rẹ̀ dàbí ẹni tí a rántí.

Lọ́jọ́ Àìkú mo fi wọ́n han Ṣẹkináà, mo ń ṣàwáwí.
Ó na ọwọ́ sí mi, kí n dákẹ́.
"Bó ṣe ń rí wa nìyẹn," ló wí, "lọ́dún tó lò kẹ́yìn.
Nígbà tó ní kùrukùru wà nínú yàrá, a rò pé ó ń ṣeré."
Ó wo Kọ̀yà inú àwòrán títí.
Lẹ́yìn náà ó di ojú náà padà sínú síńgílẹ́ẹ̀tì,
ó gbé bàtà mi jáde, ó ti fọ amọ̀ rẹ̀ kúrò,
ó sì gba ẹgbẹ̀rún méjì, owó ìfọbàtà.