Ìgò Ata

Ní Dọ́ńdì, láago márùn-ún ìdájí,
kí n tó ká kọ́tìnnì bóyá òjò ń rọ̀,
ọwọ́ mi ti sọ fún mi.
Oríkèé ìka wú bí ẹ̀wà tó sùn sínú omi.
Mo na ọ̀kan, mo na èjì,
ẹ̀kẹta kọ̀, ó lóun ò tíì jí.
Àtẹ̀gùn ilé wa jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta,
mo ń fi ìdí sọ̀ ọ́ bí ọmọ ọwọ́,
afẹ́fẹ́ odò Téè ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá pàdé mi.

Dókítà ní ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ara mi
ló ṣìnà lóru, ló mú onílé ní olè.
Ó kọ oògùn fún mi, alọ́jọ́ Ẹtì,
tí ń fi adùn irin sílẹ̀ lẹ́nu.
Mo ń lò ó. N kò dà á nù.
Ṣùgbọ́n ó kó ìdajì ìrora lọ, ó fi ìdajì sílẹ̀,
ìdajì yẹn ni mo ń bá wí lórí àwo.

Ìrẹsì, ẹ̀fọ́, ẹja, omi.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko: ìrẹsì, ẹ̀fọ́, ẹja, omi.
Mo wá ṣí ìwé kékeré kan,
mo ń pe àwọn yòókù padà lọ́kọ̀ọ̀kan
bí olùkọ́ tí ń pe orúkọ ní kíláàsì.
Ẹyin? Ẹyin wọlé, kò bẹ́nikẹ́ni jà.
Wàrà? Ó jókòó jẹ́ẹ́ fọ́jọ́ méjì,
lọ́jọ́ kẹta orúnkún mi gbóná bí ìkòkò.
Búrẹ́dì? Ẹ má bi mí.
Ànàmọ́ òyìnbó, ní ìlú tí wọ́n ti ń fi í ṣe oúnjẹ àti ìpápánu,
ó mú mi sùn lórí àga, torí ibùsùn jìnnà.
Ata nìkan ni n kò pè.
Mo ti mọ bí yóò ṣe dáhùn.

Àwọn àgbà ní ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni.
Ẹ wá wo tèmi:
ó ń jẹ ẹja bíbọ̀ tó funfun bí ògiri ọsibítù,
ó sì ń gun àtẹ̀gùn.
Kí la ó ti pe èyí?

Ọjúọlápé, àbúrò mi, ló gbé ìgò náà wá,
ata gígún láti Ilé-Olújì,
ó dé e pa bí ẹni tí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè.
Nígbà yẹn ẹnu mi gbà á, ọwọ́ mi ò ká a.
Mo fi aṣọ ìnura dì í, mo bomi gbígbóná lé e,
mo há a sáàárín itan, mo sunkún lé e lórí.
Ó dúró lójú fèrèsé, ó ń fi ojú pupa wò mí
láti ìgbà yìnyín títí dìgbà tí ilẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ ṣú.

Nọ́ọ̀sì gbé mi sórí ìwọ̀n, ó ní mo ti fọn.
Ó ní ẹ̀rí ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.
Bóyá oògùn ni. Bóyá ẹ̀ẹ̀rùn ni. Bóyá ata tí n ò jẹ.
Èmi náà ò mọ̀.

Àná, mo ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé,
mo kàn nawọ́, mo lọ́ ọ:
ìdérí yí.
Kò sí aṣọ, kò sí omi gbígbóná.
Òórùn rẹ̀ jáde, pẹ̀lú ọlọ ìyá mi àti eruku ẹ̀yìnkùlé,
mo sín lẹ́ẹ̀mẹta,
Ísóbẹ̀lì ìsàlẹ̀ ilé kígbe kí Ọlọ́run bù kún mi.

Ìgbà tí mo lè jẹ ẹ́, n kò lè ṣí i.
Ìgbà tí mo wá lè ṣí i...

Mo bu ṣíbí kan sọ̀ kalẹ̀ fún Ísóbẹ̀lì.
Ó dà á sọ́bẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní kí n tún bu sí i.
Mo padà sókè, mo gbé ìdérí lé ìgò náà.
N kò fún un pa.
Ọwọ́ ọ̀la lè má jẹ́ ọwọ́ òní.