Oòrùn Wákàtí Mẹ́ta

Kí oòrùn tó gun òkè tó wà lódìkejì adágún Teslin,
aago mọ́kànlá ti lù.
Láti àárọ̀ ni mo ti ń retí rẹ̀, ìgbálẹ̀ gígùn lọ́wọ́ mi,
bí ẹni tó ń retí àlejò tí kì í pẹ́ jókòó.

Yìnyín ti bo gíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń gba oòrùn fún wa.
N kò gun àkàbà.
Àkàbà ló gbé Ládiméjì ṣubú lóṣù tó kọjá,
tó sọ egungun ìbàdí rẹ̀ di ohun tí àwọn dókítà Whitehorse ń tò.
Ìsàlẹ̀ ni mo dúró sí.
Ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n òrùlé ló ń gbá níbí.
Yìnyín ń dà sí mi lọ́rùn, ó ń wọ inú ẹ̀wù,
mo ń bú u, mo ń gbá a.

Ní Ìkirè, tí iná bá lọ,
gbogbo àdúgbò mọ ẹni tí a ó bú.
A ó bú ìjọba, a ó bú ọ̀gá wọn àti ìyá ọ̀gá wọn,
lẹ́yìn náà a ó sùn, ọkàn wa á fúyẹ́.
Níbí, ta ni n ó bú?
Èmi ni iléeṣẹ́ mànàmáná, èmi ni òṣìṣẹ́ rẹ̀,
èmi náà ni oníbàárà tó ń kanra lẹ́nu ọ̀nà.

Bátìrì mẹ́jọ wà lábẹ́ pákó ilẹ̀,
Ládiméjì fi kùbùsù àtijọ́ wé wọn bí ọmọ ìkókó.
Ó ní èyí tí kò bá yó nínú wọn, òtútù á mú un dì,
á là bí ìkòkò amọ̀.
Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́:
n kò mọ̀ pé ti bátìrì náà ni àwọn àgbà ń sọ.

Lónìí mo ṣí ìdérí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ìkarùn-ún ti ń gbẹ.
Mo fi àrọ rọ́bà rọ omi bátìrì sí i, díẹ̀díẹ̀, láìmí.
Ìpẹtà funfun ti hù yí ẹnu waya ká;
mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sódà búrẹ́dì fọ̀ ọ́, ó ń hó ṣìì.
Ibẹ̀ ni mo ti rí tépù tó lẹ̀ mọ́ waya pupa,
ìkọ̀wé Ládiméjì tó dà bí ipasẹ̀ adìẹ:
«Mórẹ̀nikẹ́, má fọwọ́ kan èyí.»
Mo yí tépù náà padà.
«Mo mọ̀ pé o ó fọwọ́ kàn án. Kọ́kọ́ pa súìsì ńlá ná.»

Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, nínú ilé tó ń rùn fún èéfín igi.
Mo pa súìsì.

Lyle tó ń dẹ pańpẹ́ létí adágún yà kí mi,
ó ní kí n kàn tan jẹnẹrétọ̀, epo wà lọ́wọ́ òun.
Mo gba gálọ̀nù kan, mo gbé e sẹ́yìn ilé.
Ìgbéraga ni, mo mọ̀.
N kò tíì tàn án.

Aago méjì, oòrùn ti palẹ̀ mọ́.
Àná, méjìlá géérégé ni ojú ẹ̀rọ kọ. Lónìí ó lé díẹ̀.
A kò nílò fìríìjì, gbogbo ìta ni fìríìjì;
ẹja wà lórí pèpéle, ó le bí òkúta.
Gílóòbù kan, fóònù kan, ó parí.

Lálẹ́, Ládiméjì pè láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.
Kò tíì kí mi tó fi bèèrè: «Èélòó ni?»
Mo sọ fún un.
«Ìkarùn-ún ńkọ́?»
Mo ní ó ti mumi.
Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni pé òun gan-an ni mo fún lómi.
Mo wá pa gílóòbù,
kí ìyókù lè tó wa sọ̀rọ̀.