Àwọn Òkè Inú Ìwé

Ìgò epo kan ni ìyá mi fi rán mi láti Ìlúpéjú,
ó fi láílọ́nù dí i lẹ́nu, ó ní: "Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.
Ìyàwó Fámúrewá ń pariwo pé mo lú u."

Ọ̀rá wúwo. Kì í fò,
àfi kí a bọ́ agbádá lọ́rùn rẹ̀,
kí a wọ̀ ọ́ ní bùbá fẹ́ẹ́rẹ́.
Mo ṣe bẹ́ẹ̀, l'Ádó, mo fi abẹ́rẹ́ rọ ọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ.

Ọgbọ̀n mítà ọ̀nà, ó ká bí ìgbín nínú ooru,
ihò rẹ̀ ò gba irun imú.
Wọ́n jùmọ̀ wọlé; wọn ò jùmọ̀ jáde.
Lẹ́nu ọ̀nà, iná kan tí ojú ò rí
ń jẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
bíró ń ya òkè sínú ìwé:
pálímítìkì, oléìkì, gàgàrà bí Olósùnta.

Mo ń ṣọ́ òkè àlejò.
NEPA mú iná lọ.
Mo tún un ṣe lóru, lórí jẹnẹrétọ̀.
Àlejò ò dé.

Ohun tí a rán ẹ̀rọ ló jẹ́.
Kò mẹ́nu kan èéfín
tí mo gbọ́ bí mo ti ṣí ìgò,
èéfín ààrò,
tó máa ń wà lára ìró ìyá mi.