Imú Ayaba

Agbẹ́kùúta tó gbẹ́ ère Oneka sórí ibojì rẹ̀
kò rí i rí lójú ayé.
Ó gbẹ́ imú tó tọ́ bí ọ̀kọ̀.
Irọ́ ni.
Imú ayaba wọ́ sápá òsì díẹ̀;
igi ọ̀pọ̀tọ́ ló jù ú sílẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje,
tí kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé yóò di aya ọba ibì kan.
Èmi Amunia ni mo fi omi tútù wẹ ẹ̀jẹ̀ náà.

Ọdún kejìlá rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ra àlàáfíà.
Òun ni owó tí wọ́n san.
A fi òkè Nafara sílẹ̀, a wọ ọkọ̀,
ọjọ́ mọ́kàndínlógún lórí omi,
ó bì títí kò fi sí ohun tí yóò bì mọ́.
"Amunia, ṣé òkun yìí ní òdìkejì?"
Mo ní ó ní. N kò mọ̀.

Torgils ọba ti lé ní ogójì ọdún.
Eyín rẹ̀ ń jábọ́, ohùn rẹ̀ ń sán bí ààrá,
ṣùgbọ́n kò lù ú rí, ẹ jẹ́ n sòótọ́.
Gunnvor ìyá rẹ̀ ló so kọ́kọ́rọ́ àká mọ́dìí
títí ikú fi tú u.
Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́:
òjò dídì ni olùkọ́ ti Oneka.
Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mọ̀ ní èdè wọn ni "búrẹ́dì",
èkejì, "otútù",
ẹ̀kẹta, "mo ti gbọ́".

Ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ mẹ́ta ló kó wá nínú ìbọ̀sẹ̀.
Ó gbin ọ̀kan sẹ́yìn ilé ìdáná, òjò dídì pa á.
Ó gbin ọ̀kan sínú ìkòkò lẹ́bàá ààrò,
ajá ọba hú u jẹ.
Ó fi ìkẹta pamọ́.

Ó bí Ragnfrid. Wọ́n ní, "Kò burú."
Ó bí Ingerid. Wọn ò sọ nǹkan kan.
Ó bí Tola. Ọba lọ sóko ọdẹ, ó di ọjọ́ kẹfà.
Nígbà tí Asgaut dé, tó jẹ́ ọkùnrin,
wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì títí okùn rẹ̀ fi já.
Ọdún mẹ́rin ni Asgaut lò.
Ibà ò mọ ọmọ ọba.
Oneka ò sunkún lójú àwọn ìjòyè;
òru ló ń wá sí yàrá mi,
tí yóò máa ka bọ́tìnì ẹ̀wù ọmọ náà,
ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, yóò tún padà, ọ̀kan.

Ogun dé, wọ́n mú Torgils lẹ́rú.
Àwọn ìjòyè jókòó, wọ́n ń wo ẹnu ara wọn.
Ayaba ta adé, ó ta àwo fàdákà,
ó ta ibùsùn tó bímọ lé.
Ó ra ọkọ rẹ̀ padà.
Ọkọ dé, ó ní, "Ibùsùn mi dà?"

Owó náà ò pé. Ragnfrid ni àṣẹ́kù,
ọmọ ọdún mọ́kànlá.
Ohun tí wọ́n ṣe fún un, òun náà fọwọ́ sí i;
mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé ó ti kú.
Ó rán ọ̀pọ̀tọ́ ìkẹta mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ ọmọ rẹ̀.
Létí omi, ọmọ náà béèrè,
"Màmá, ṣé ó ní òdìkejì?"
"Ó ní," ó wí, kò wò mí,
"ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí a ti wá."

Ẹni ọmọ sin ló bímọ, wọ́n ní.
Àwọn ọmọ tí òkun ti pín, ta ni yóò pè wọ́n wá sin ín?
Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́.
Akọ̀wé ààfin kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀:
"Lọ́dún yìí aya ọba kú. Ọkà dára."

Àràárọ̀ ni mo ń lọ síbi ère náà,
mo ń fi àtàǹpàkò ti imú rẹ̀ sápá òsì.
Òkúta ò gbọ́.
Èmi náà ò gbọ́.