Àlàbọ̀ Ìràwọ̀

Yìnyín ti bo irà tó wà lẹ́yìn ìlú Tartu,
ṣùgbọ́n Virve ti bu omi rẹ̀ kí òtútù tó dé:
ìgò mẹ́ta, ó tò wọ́n sójú fèrèsé
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì tí kò ráyè mu tán.

Nínú ẹ̀kán omi kan ṣoṣo, ẹ̀dá kan ń gbé.
Ewéko ni, kò ní gbòǹgbò, kò ní ewé,
sẹ́ẹ̀lì kan péré ni gbogbo ara rẹ̀,
ó rí bí ìràwọ̀ tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé.
Ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín. Ibẹ̀ ló ti ń pín sí méjì.

Àlàbọ̀ kọ̀ọ̀kan a wá ṣẹ́ kù, ẹ̀gbẹ́ kan níhòòhò,
a wú bí ìyẹ̀fun tó mu ìwúkàrà,
ìwú kan a di mẹ́ta, mẹ́ta a di márùn-ún,
orí ẹ̀ka a là, a tún là,
títí ìràwọ̀ yóò fi pé kí ilẹ̀ tó mọ́.
Ta ló ka iye ẹ̀ka fún un?

Virve kò bi omi. Òǹkà ló bi.
Ó kọ ìṣirò kẹ́míkà méjì tó ń lé ara wọn:
ọ̀kan ń sọ fún ara sẹ́ẹ̀lì pé, "Wú níbí,"
èkejì yára jù ú lọ, ó ń sáré káàkiri, ó ń ní, "Ó tó!"

Lọ́jọ́ Ajé, kọ̀ǹpútà ya ànàmọ́.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọwọ́ tó ní ìka mọ́kànlá.
Heino àgbà tó ń tọ́jú ìgò rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́:
"Ọmọ mi, irà ò bí irú èyí rí."

Lọ́jọ́bọ̀, ó ṣi òǹkà kan tẹ̀. Òdo kan já bọ́.
Ìràwọ̀ jáde, ó gún régé,
àfi apá òsì tí kò sí rárá,
ibẹ̀ ṣófo bí àyè eyín tó yọ.
Ó nawọ́ láti pa á rẹ́,
Heino dì í lọ́wọ́ mú. Kò sọ̀rọ̀.
Ó fa ìgò kẹta, ó kán omi sábẹ́ awò,
ó sún sẹ́yìn.

Ó wà níbẹ̀, aláìlápá, ó tutù yọ̀yọ̀,
ó sì ti bí aláìlápá bíi tirẹ̀,
torí àlàbọ̀ tó ṣẹ́ kù ló ń rántí
fún àlàbọ̀ tí kò tíì sí.
Ẹni tí kò ní, kí ni yóò fi tọrẹ?

Heino wọ ẹ̀wù òtútù, ó lọ mú bọ́ọ̀sì.
Virve dá òdo náà padà sáàyè rẹ̀.
Lẹ́yìn náà, ó tún yọ ọ́.