Pupa Wo?

Kazaure ni, ọyẹ́ mú, ètè gbogbo wa sán.
Èmi ni mo ń gbé àpótí dígí kámẹ́rà,
èmi náà ni ògbufọ̀,
nítorí Kafanchan ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ rélùwéè:
Yorùbá ni mo mu lọ́mú,
Haúsá ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù.

Ìbídùnní, olùdarí, ní òun fẹ́ kí yàrá náà pupa.
Tanímù gbé ojú kúrò lára kámẹ́rà.
"Pupa wo?"
Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó di wàhálà.
Ṣé pupa bí osùn? Ó tì o.
Pupa bí epo, epo tó sùn sísàlẹ̀ ìgò,
tí òtútù mú dì láàárọ̀ kùtù.
Tanímù kò mọ epo tó ń dì,
òróró ẹ̀pà ni ìyá rẹ̀ fi sebẹ̀ títí ó fi kú.
Ó ní, ṣé bí ògiri amọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì,
nígbà tó ti rẹ oòrùn tí kò sì tíì wọ̀?
Ìbídùnní kò fèsì.
Ó jáde, ó lọ dúró síwájú ògiri onílé wa,
ó ká apá mọ́yà, eruku ń bà lé gèlè rẹ̀,
títí aago márùn-ún fi kọjá.
Ó wọlé, ó ní: "Ìyẹn gan-an.
Ṣùgbọ́n kó ti ṣọ̀fọ̀ díẹ̀."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ túmọ̀ ìyẹn?
Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Tanímù kò rẹ́rìn-ín. Ó wá àpò àlùbọ́sà kan,
èyí pupa aláwọ̀n yẹn,
ó ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi bo ojú iná,
ìmọ́lẹ̀ sì yọ́ gba inú rẹ̀ wá bí ẹni tó ti sunkún tán.

Ọjọ́ kejì ni ìjà gidi.
Laraba ló ń ṣe ìyá
tí wọ́n mú sálúbàtà ọmọ rẹ̀ wá bá láìmú ọmọ.
Ìbídùnní ní: sún mọ́ ọn, omijé ni mo fẹ́ rí.
Tanímù ní: ẹnu ọ̀nà ni n ó dúró sí,
a kì í fimú kan ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.
"Ta ló ni fíìmù?"
"Ta ló ń wò ó?"
Mo túmọ̀ èyí tí mo lè túmọ̀,
mo gbé ìyókù mì.
Ọ̀kan mu fúrá níbí, ọ̀kan mu gààrí lọ́hùn-ún,
èmi ń lọ, mò ń bọ̀ láàárín wọn bí ewúrẹ́ tó jalè.

Ilẹ̀ ṣú. Ìbídùnní gbé àpótí kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
ó fojú sí kámẹ́rà. Ó pẹ́.
Ó ní: "Sún un sẹ́yìn sí i."
Sẹ́yìn ju ibi tí Tanímù fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún!
Ọkùnrin náà họ irùngbọ̀n.
Ó ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀,
ẹ jẹ́ kí n fún un yín ní ọwọ́ rẹ̀ nítòsí,
ọwọ́ nìkan, níbi tó ti ń tú okùn bàtà.

Ọwọ́ ọ̀hún la ń yà lọ́wọ́
nígbà tí jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, tó kú.
Mo retí "Gé e!" Olùdarí kò sọ ọ́.
Mo retí kí Tanímù paná kámẹ́rà. Kò pa á.
Fìtílà kékeré kan ló kù nígun yàrá.
Laraba ń tá ràrà, ó ń wá bàtà kejì nínú òkùnkùn,
a gbọ́ nígbà tó rí i.

Ní sinimá kan ní Wúsè, l'Ábújá,
ọkùnrin kan lẹ́yìn mi pòṣé: "Iná ti lọ ni?"
Ìlà kejì ni Ìbídùnní wà, Tanímù wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.
Lẹ́ẹ̀kan náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Àwọn èèyàn ń bi mí pé ta ló dá àwọ̀ yẹn.
Mi ò mọ̀.
Àpò àlùbọ́sà náà wà nílé mi.
Ó ṣì ń rùn.