Ó Ti Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Kòtò kan wà ní Ìjọ̀kà,
níwájú ilé alájà tí wọn ò tíì kùn.
Òjò bò ó mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo rò pé omi lásán ni.
Gbàù!
Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo ọkọ̀ yí po:
kò sí ohun tó ṣẹ́, kò sí ohun tó ń jò.
Mo dúpẹ́, mo wakọ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń wo òsì,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń pè láti ojú fèrèsé
tí kò fẹ́ kí ẹni tó ń bá a rìn mọ̀.
Èmi náà ń fà á padà sọ́tùn-ún, díẹ̀díẹ̀.
A ò jà. A ò sọ ọ́.
Lẹ́yìn oṣù méjì, n ò mọ̀ mọ́ pé mò ń fà á.

Mo ra táyà tuntun lóṣù Ẹrẹ́nà.
Kí àgbàdo ọdún náà tó gbó, ó ti jẹ.
Mo lọ bá ẹni tó tà á fún mi ní títì Ọ̀dà,
mo pè é ní olè níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀.
Ó kàn ń wò mí.
Mo tún ra òmíràn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Sátidé kan, mò ń gbé Ìbídùn àbúrò mi lọ sí Pólì ní Ọ̀wọ̀,
tòun ti àpò gaàrí, fóòmù àti sítóòfù.
A yà ní Ṣáṣá kí Akínyẹmíjù fọkanáísà fẹ́ táyà.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á:
bó ṣe ń lọ sínú, ó ń yọ̀;
bó ṣe ń bọ̀ wá sóde, ó ń gún un bí eyín ayùn.

"Wá wo nǹkan."
Mo ní, táyà tuntun ni, ẹ wo ojú rẹ̀.
"Ojú tó kọ sí àlejò nìyẹn. Dọ̀bálẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú epo, tèmi ti aṣọ funfun mi.
Lóde, ilà rẹ̀ ṣì jìn bí poro ebè tuntun.
Nínú lọ́hùn-ún, níbi tó kọjú sí ikùn ọkọ̀,
ó pá, ó ń dán,
wáyà ti yọ níbi mẹ́ta
bí irun imú àgbàlagbà.

"Bó bá jẹ láàárín, o fẹ́ ẹ jù.
Bó bá jẹ létí méjèèjì, ebi afẹ́fẹ́ ló ń pa á.
Èyí tó jẹ lápá kan yìí, má dá ẹni tó tà á lẹ́bi.
Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló wọ́.
Ṣé kì í fà?"
Mo ní rárá.
Ìbídùn láti ẹ̀yìn: "Bọ̀dá, ọwọ́ yín kì í dọ́gba lórí sítíárì.
Ọ̀kan máa ń ga."

Títì Ọ̀dà ni mo padà sí fún táyà.
Owó, mo mọ bí a ṣe ń kà á.
Ẹ̀bẹ̀ ni n ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.
Ọkùnrin náà gba owó, ó fún mi ní ṣéńjì.

Ní Alágbàkà, ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà òjò
gbé awò mẹ́rin kọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Ojú ẹ̀rọ pọ́n.
Ó fi sípánà yí irin kan, kò tó ìdajì ìka,
ojú ẹ̀rọ di àwọ̀ ewé.
Gbogbo owó tí mo ti ń dà nù láti Ẹrẹ́nà:
ìdajì ìka.

A kọjá Ògbẹ̀sẹ̀, títì tẹ́jú bí òwú bíríkìlà,
ọkọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yà, sọ́tùn-ún lọ́tẹ̀ yìí.
Mo ti ń wá fóònù láti fi bú ọmọbìnrin náà.
"Bọ̀dá," Ìbídùn ní, "ẹ dẹ ọwọ́ díẹ̀."

Mo dẹ ìka.
Ọkọ̀ ń lọ tààrà.
Ọwọ́ mi ló ṣì ń fà.